Orin Ìsàlẹ̀ Àwo: Èwo Gan-an Ló Yẹ Ká Pè Bẹ́ẹ̀ Nínú Ráàpù?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kún gbọ̀ngàn yìí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣeun tí ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé yín nítorí ọ̀rọ̀ ráàpù. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá dùn mọ́ mi, mo lè pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ bá mi fara dà á.

Ibi tí mo ti lọ gẹ irun ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń jiyàn lórí Dagrin, olórin ráàpù Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ sọ̀yà, ó ní òun mọ orin Dagrin kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn. A ní kó dárúkọ rẹ̀. Ó ní "Kondo". Ẹni tó ń gẹ irun mi pa ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà láti orí ìlà àkọ́kọ́, àwọn tó kù sì gbè é. Ọmọ náà bínú. Ó ní orin yòówù tí kì í bá ti í ṣe "Pon Pon Pon", orin tó fara sin ni. Èkejì dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé orin tó fara sin ni èyí tí Dagrin kọ sílẹ̀ tí kò gbé jáde rárá. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi gẹ irun mi tán, àwọn méjèèjì kò sì gba ara wọn gbọ́. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo mọ̀ pé kò sí èyí tó tọ̀nà nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ìdí rẹ̀. Ìdí yẹn ni mo wá fi lélẹ̀ lónìí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú orin tó fara sin bẹ́ẹ̀ ní deep cut. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ni "cut": ẹ̀rọ kan ló máa ń gé ìlà wínníwínní sára àwo, ìlà yẹn ni abẹ́rẹ́ máa ń tọ̀ tí orin fi ń jáde. Orin kọ̀ọ̀kan jẹ́ gígé kan, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún sì ni wọ́n ń pè ní gígé tó jìn. Èmi yóò máa pè é ní orin ìsàlẹ̀ àwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa àwo yẹn fúnra rẹ̀, nítorí ó wù mí gan-an. Àwo ńlá máa ń yí ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ìyára yẹn kì í yí padà láti etí àwo títí dé àárín. Ṣùgbọ́n òbìrí etí tóbi, ti àárín sì kéré. Ìyẹn ni pé nínú ìyípo kan, abẹ́rẹ́ máa ń rin ọ̀nà jíjìn létí àwo, bó bá sì ti ń sún mọ́ ìwé orúkọ tó wà láàárín ni ọ̀nà náà ń kúrú. Orin tó ráyè nà gbalaja létí wá há mọ́ra lápá àárín, ìró òkè rẹ̀ a sì máa ha létí. Àwọn tó ń to orin sórí àwo mọ èyí, orin tí wọ́n bá sì fọkàn tán ni wọ́n sábà máa ń fi ṣí ojú àwo. Orin tó bọ́ sápá àárín ti gba ààyè tó kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ráàpù wá ní ìdí tó fi yẹ kó bìkítà nípa orin tó fara sin ju orin mìíràn lọ, nítorí inú irú orin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ọmọ Jàmáíkà kan tí wọ́n ń pè ní Kool Herc lu àwo níbi àríyá tí arábìnrin rẹ̀ ṣe nínú ilé kan ní 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, New York. Herc ti ṣàkíyèsí pé ibì kan wà nínú orin tí ara àwọn oníjó máa ń gbóná jù lọ, ibi tí olórin bá ti dákẹ́ tí ìlù nìkan ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ó wá ń ra ẹ̀dà méjì àwo kan náà, kí ó lè máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, kí ìlù yẹn má dá. Orin tí wọ́n fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí ni "Apache" ti Incredible Bongo Band, láti inú àwo tó jáde ní 1973. Kì í ṣe orin tí rédíò Amẹ́ríkà ń lù lálùtúnlù. Bronx ló gbé e ga.

Herc a tún máa rẹ àwo rẹ̀ sínú omi, kí ìwé orúkọ tó wà láàárín lè ṣí kúrò, kí DJ mìíràn má baà rí orúkọ olórin kà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí dáadáa: ọkùnrin kan rí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nínú orin tí àwọn èèyàn ti gbójú fò, ó sì dáàbò bò ó bí ẹni ń dáàbò bo egbòogi ìdílé. Nígbà tó yá, láàárín 1986 sí 1991, àwo 25 kan jáde tí wọ́n ń pè ní Ultimate Breaks and Beats, èyí tó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin àṣírí wọ̀nyí jọ fún títà. Àṣírí tú, àwọn tó ń ṣe bíìtì, ìyẹn ìlù tí wọ́n ń ráàpù lé, kò sì jáwọ́ nínú wíwá. Pete Rock lọ sínú àwo kan tí Tom Scott ṣe ní 1967, ó mú ohùn fèrè díẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ṣe orin tí òun àti CL Smooth, tí wọ́n jọ ń kọrin, fi dárò ọ̀rẹ́ wọn ní 1992. Ẹni tó bá mọ ráàpù mọ fèrè yẹn. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ orin Tom Scott náà tán?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú àwo kan ká sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Nas, olórin ráàpù Amẹ́ríkà, gbé Illmatic jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1994. Ọmọ ogún ọdún ni, láti Queensbridge ní New York. Orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìfáàrà. Márùn-ún nínú àwọn tó kù ni wọ́n tún gbé jáde lọ́tọ̀: "Halftime" ti wà níta láti 1992, lẹ́yìn náà "It Ain't Hard to Tell", "The World Is Yours", "Life's a Bitch" àti "One Love". Ó ku mẹ́rin.

Bí a bá tẹ̀ lé òfin ọmọ tí mo bá pàdé níbi tí mo ti gẹrun, orin ìsàlẹ̀ àwo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n "N.Y. State of Mind" wà lára wọn. Wọn kò gbé e jáde lọ́tọ̀ rí, síbẹ̀ dùùrù tí DJ Premier, tó ṣe bíìtì rẹ̀, fi sínú rẹ̀ wà lára ohùn tí ayé mọ̀ jù nínú gbogbo ráàpù. Àwọn tí kò tíì fetí sí Illmatic tán rí mọ̀ ọ́n. Kò sí bí mo ṣe lè pe èyí ní orin ìsàlẹ̀ àwo. Wọ́n ti gbé e jáde kúrò nínú àwo tipẹ́, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó rán wọn níṣẹ́; àwọn olùgbọ́ ló gbé e. "Represent" àti "Memory Lane" náà ní àwọn èèyàn tiwọn, púpọ̀. Èyí tó wá kù ni "One Time 4 Your Mind", orin kejọ, tí Large Professor ṣe bíìtì rẹ̀. Nínú rẹ̀, Nas kò gba ìlú kankan, kò sọ ìtàn ìbọn, kò kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́wọ̀n. Ó jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wo fíìmù, wọ́n ń gbè sẹ́yìn ẹni ibi inú fíìmù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí orin tó dára jù nínú àwo yẹn, ẹ kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wo bí àwo náà ṣe máa rí: ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní ìsinmi kankan, tí gbogbo ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ogun. Orin yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, òun ni orin ìsàlẹ̀ àwo Illmatic, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Nínú ìfáàrà àwo yẹn, ẹ máa gbọ́ ohùn kan tó ń ráàpù lábẹ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin. Nas ni, láti inú "Live at the Barbeque", orin tí ẹgbẹ́ Main Source ṣe ní 1991, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ó fi ẹsẹ tó kọ sórí àwo ẹlòmíràn ṣílẹ̀kùn àwo tirẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ariwo lásán ni.

Àwọn kan yóò ní kí a kàn wo ẹ̀yìn rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré, èyí tí wọ́n fi ń gbé orin kan jáde lọ́tọ̀, pé orin tó bá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni. Rárá. Ẹgbẹ́ Gang Starr fi "DWYCK", tí wọ́n kọ pẹ̀lú Nice & Smooth, sẹ́yìn "Take It Personal" ní 1992, àwọn èèyàn yí àwo padà, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀yìn dé ibi pé ẹgbẹ́ náà ní láti fi í sínú àwo ńlá wọn ní 1994. Orí ẹ̀yìn àwo àkọ́kọ́ tí Eric B. àti Rakim ṣe ní 1986 ni "My Melody" náà wà. Ẹ̀yìn kọ́ ni ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ nípa èyí tó ń dà àwọn ọ̀dọ́ láàmú jù. Ẹnì kan á rí olórin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn mẹ́tàdínlógún péré tíì gbọ́, á ní òun rí deep cut. Kí a tó sọ pé nǹkan wà nísàlẹ̀ odò, odò gbọ́dọ̀ wà. Olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kò tíì ní ìsàlẹ̀, gbogbo orin rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀. Ó lè dára o, ó lè dára ju ti gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni kí ẹ wá fún un.

Odò náà sì lè dé lẹ́yìn orin. Ẹ wo Hakeem Seriki, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó dàgbà sí Houston, tí ayé mọ̀ sí Chamillionaire. Ní 2006, "Ridin'" gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ó sì fi gba Grammy ní 2007. Ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé, orin kan yẹn ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òun àti Paul Wall ti gbé Get Ya Mind Correct jáde ní 2002, ó sì ti kó mixtape ńlá kan, ìyẹn àkójọ orin tí kì í ṣe àwo gidi, jáde ní 2004, àwo mẹ́ta lápapọ̀, tó pè ní Mixtape Messiah. Ní Houston, ẹ kò lè dá a lábàá pé mixtape yẹn jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n má bá yín jà. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Èkó, ọ̀gbun ni. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní orin kan jìn, kí ẹ bi í léèrè: láti ibo ni o ti ń wò ó?

Dagrin náà nìyẹn. Ó gbé Still On the Matter jáde ní 2006, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní 2009 ni C.E.O. dé, tí "Pon Pon Pon" gba ìgboro. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2010 ló kú. Gbogbo orin 2006 yẹn, tí kò ní ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò sí odò, wá di ìsàlẹ̀ odò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹnì kankan tó fọwọ́ kan ìlà kan nínú wọn.

Mo fẹ́ sọ nípa àwa fúnra wa báyìí. Àwọn bàbá wa kò ní orin ìsàlẹ̀ àwo bí ti Amẹ́ríkà, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Nínú ọ̀pọ̀ àwo jùjú àti fújì, ojú kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, tí á máa lọ láìdúró fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ogún. Kò sí orin kẹta, kò sí orin kẹjọ. Ohun tó wà ni ibì kan nínú orin. Àbúrò bàbá mi kan wà tó lè gbé abẹ́rẹ́ sókè, kó fojú wá ìlà tó fẹ́ lára àwo, kó sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí olórin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé kan gẹ́lẹ́. Kì í ṣì í. Ó ní ibi tí ìlù bá ti fà sẹ́yìn, ìlà àwo máa ń yàtọ̀ lójú. Ohun tí Herc ń ṣe ní Bronx kò jìnnà sí èyí. Ibi tó jìn nínú orin ni àwọn méjèèjì ń wá.

Ìran tèmi ni ètò àwo dàrú mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, CD tí a máa ń rà láti Alaba lè ní orin bí ọgọ́rùn-ún, olórin ogún, kò sí ẹni tó tò wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni mẹ́mọ́rì kádì dé. Ẹni tó ń kó orin sí i fún wa kì í ráyè kọ orúkọ. Odidi ọdún méjì ni mo fi mọ orin Dagrin kan sí "Track 9", nítorí ohun tó wà lójú fóònù mi nìyẹn. Mo máa ń gbọ́ ọ lálẹ́ tí iná bá lọ. N kò mọ̀ pé "Ghetto Dream" ló ń jẹ́, n kò mọ orin tó ṣáájú rẹ̀, n kò mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní 2011, tí wọ́n pè é ní Ghetto Dreamz, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti gbé ohun tó wà ní yàrá mi lọ sójú títì. Ìmọ̀lára yẹn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn orin, n kò sì kà á sí ìwà burúkú, àfi bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jà. Wọn kò jí nǹkan kan.

Ti orin tí wọn kò gbé jáde, tí ọmọ kejì yẹn sọ ńkọ́? Ó ṣòro díẹ̀. Kí Nas tó gbé àwo rẹ̀ I Am... jáde ní 1999, àwọn orin tó ń ṣe fún un jò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì yí àwo náà padà. Ní 2002 ni díẹ̀ nínú àwọn orin tó kù sílẹ̀ jáde nínú The Lost Tapes. Títí di 2002, orin inú àpótí ni mo máa pe àwọn wọ̀nyẹn. Olórin kò tíì fi wọ́n lé wa lọ́wọ́. Ẹni tó gbọ́ wọn fetí kọ́ ògiri ni. Orin ìsàlẹ̀ àwo yàtọ̀, nítorí pé olórin fi í síwájú wa gbangba, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí, a sì sanwó rẹ̀. Àwa la kò dé ibẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kó yé yín ju ohunkóhun lọ. Orin náà kò sá pamọ́ fún wa. Ó wà nínú ilé tí a ti wọ̀, nínú yàrá tí a kò ṣí.

Lóde òní, Spotify máa ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ti sọ nọ́ńbà yẹn di òṣùwọ̀n. Kò burú láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tó kéré jù lè jẹ́ ìfáàrà ìṣẹ́jú àáyá ogún, tàbí orin tí kò dára. Orin tí kò dára wà nísàlẹ̀ àwo púpọ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kí n tó gbà pé orin kan yẹ fún orúkọ yìí, mo fẹ́ kó fi ohun kan hàn mí nípa olórin náà tí orin tó gbòde kò lè fi hàn.

Nínú ráàpù Yorùbá, èdè ni mo máa ń fi mọ̀ ọ́n. Orin tí wọ́n fẹ́ kó dé ilé ijó sábà máa ń ní ègbè tó rọrùn, pẹ̀lú pijin kí ará Enugu àti ti Jos lè gbè é. Nínú àwo ni olórin ti máa ń yíjú sí ará ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ ẹnà, òwe tí wọ́n yí lórí, orúkọ àdúgbò tí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ kò lè mọ̀. Olamide gbé àwo tirẹ̀ jáde lọ́dọọdún láti 2011 títí di 2017, láìka èyí tí òun àti Phyno jọ ṣe. Àwo méje ní ọdún méje: ohun tó rì síbẹ̀ pọ̀ ju ohun tó léfòó lọ. Bí mo bá ní kí ẹ̀yin tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ ka orin mẹ́ta láti inú Rapsodi, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí "Eni Duro", ojú mélòó ni kò ní wálẹ̀?

Kí n tó gun orí pèpéle yìí, ọmọbìnrin kan bi mí níta pé ṣé àwọn obìnrin kò ní orin ìsàlẹ̀ àwo ni, tí a fi máa ń dárúkọ ọkùnrin nìkan. Ó tọ̀nà, mo sì ṣèlérí pé màá dáhùn níwájú gbogbo yín. Ṣọlá Ìdòwú, Weird MC, gbé Simply Weird jáde ní 1996. "Ijoya" tí gbogbo wa jó sí kò dé àfi 2006. Ọdún mẹ́wàá gbáko nìyẹn tí obìnrin Yorùbá kan ti ń ráàpù lórí àwo tirẹ̀, tí a sì ń sọ ìtàn ráàpù wa bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti wá ẹ̀dà 1996 yẹn lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ti ṣòro tó láti rí. Ẹni tó bá ní i nílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kó jọ̀ọ́ má jù ú nù.

Àkókò mi ti ń lọ. Mo mú CD C.E.O. kan wá, èyí tó ní páálí, tí mo rà nígbà tí mo ti ń gba owó oṣù tèmi. Mo ti bẹ arákùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó bá wa fi í sí i láti orin àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ, ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Ẹ̀yin tó fẹ́ dúró, ẹ fa àga yín súnmọ́ iwájú, a kò ní fo ọ̀kankan.